Iná Kú, Ó Feérú Bojú: Ó Yẹ Kí Pàǹtí Ilé Wa Di Ohun Èlò Títì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ àrólé àti ọmọ tí ó gba ipò òbí rẹ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo òwe náà, a ó rí i pé àwọn àgbà tí ó pa á kò ka eérú sí ohun asán. Lójú tiwọn, eérú ni ó jókòó sí ipò iná nígbà tí iná kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ eérú yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ẹyin, èèpo ẹkùrọ́ àti ìyàngbò ìrẹsì, ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Èrò mi kò ṣòro láti sọ. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń dà sí ààtàn lójoojúmọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni ó lè wúlò gẹ́gẹ́ bí àfikún nínú ohun èlò tí a fi ń ṣe ọ̀nà, pàápàá ọ̀nà oko àti ọ̀nà abúlé tí ìjọba kì í sábà rántí. Mo sì gbà pé àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà, títí kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, ní ipa tí a gbọ́dọ̀ kó nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn béèrè pé kí ni ó pa èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ títì ọlọ́dà. Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀.

Ibi tí pàǹtí wa ń lọ báyìí

Kí á kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní Èkó nìkan, iye tí a sábà máa ń gbọ́ láti ẹnu LAWMA, àjọ tí ó ń rí sí ìkólẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ni pé pàǹtí tí ó ń jáde lóòjọ́ tó nǹkan bíi 13,000 tọ́ọ̀nù. Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni ohun tí ó ti inú ilé ìdáná àti ọjà oúnjẹ wá: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé, háhá àgbàdo, ìyókù oúnjẹ. Àwọn ohun wọ̀nyí ni ó ń jẹrà lórí ààtàn, tí ó ń rùn, tí ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná sójú ọ̀run.

Ìlú Ìbàdàn mọ ohun tí pàǹtí lè ṣe fún ọ̀nà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọ̀nà, ẹ̀mí púpọ̀ sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún, ọdún 2011, àgbàrá mìíràn tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ó pa ju 100 ènìyàn lọ, ó sì gbé afárá lọ ní oríṣiríṣi àdúgbò. Òjò pọ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ méjèèjì yìí, ilé tí àwọn ènìyàn kọ́ sí etí odò sì dá kún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé pàǹtí tí a dà sínú odò àti gọ́tà wà lára ohun tí ó dí ojú omi pa. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Pàǹtí tí a sọ nù ni ó padà wá gbé ọ̀nà wa lọ.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun kan náà tí ó ń ba ọ̀nà jẹ́ nígbà tí a bá dà á sí ibi tí kò yẹ ni ó lè mú ọ̀nà le bí a bá lò ó bí ó ti tọ́. Bí a bá ní ohun tí ó ń ṣe ibi nítorí àìmọ̀lò, tí a sì mọ̀ pé ó lè ṣe ire, àìbìkítà ni kí á máa wò ó níran.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa

Ó wọ́pọ̀ kí á máa ro pé irú ìmọ̀ báyìí ti òkèèrè wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Ilé-Ifẹ̀ ni ó mọ̀ nípa ọ̀nà àti àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett àti Peter Garlake sì wa ilẹ̀, wọ́n bá àpáàdì wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti tò wọ́n ní òòró, tí wọ́n fi etí sókè, tí wọ́n sì sún mọ́ra gírígírí. Amọ̀ ni àpáàdì, kì í ṣe ohun tí ó ń jẹrà, ṣùgbọ́n kókó ibẹ̀ ni pé pàǹtí ilé ni. Ìkòkò tí ó fọ́ mọ́ obìnrin lọ́wọ́ kò di ohun ìsọnù, ó di ọ̀nà tí ọba ń gbà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá, díẹ̀ nínú wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Kí á tún wo ọ̀rọ̀ eérú. Àwọn ìyá wa tí ó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo eérú ni ó dọ́gba. Wọ́n mọ̀ pé eérú èèpo kòkó dára fún ọṣẹ ju eérú igi kan lọ, wọ́n sì mọ bí a ti ń sẹ́ omi rẹ̀ kí á tó fi àdín sí i. Àwọn aláró ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ omi eérú tí ó ń mú ẹ̀lú jáde dáadáa. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé èèpo ẹkùrọ́ le, pé iná rẹ̀ sì gbóná. Ẹni tí ó ń mọ ilé amọ̀ mọ̀ pé bí a bá po koríko gbígbẹ mọ́ amọ̀, ògiri náà kì í tètè sán. Ìmọ̀ nípa ohun àmúlà ni gbogbo èyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe lónìí ni pé wọ́n ń wọn ohun tí àwọn baba wa ń fi ojú díwọ̀n, wọ́n sì ń sọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àfikún wọ̀nyí ń ṣe lábẹ́ títì

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́, ó yẹ kí á mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Títì ọlọ́dà kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Lábẹ́ ọ̀dà ni òkúta wà, lábẹ́ òkúta ni ilẹ̀ pupa tí a kó wá tí a sì fi katapílà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ pupa yìí ni ìpìlẹ̀. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò máa wú nígbà òjò, yóò sì máa sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dà tí ó wà lókè kò lè ṣe kí ó má sán pẹ̀lú rẹ̀. Bí omi bá ti rí ojú ibi tí ó sán wọlé, kòtò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi máa ń po sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun jíjó mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè le. Owó ni sìmẹ́ńtì, owó sì ni ẹfun.

Ibí ni eérú ti wọ ọ̀rọ̀. Nínú àwọn eérú kan, ohun kan wà tí a ń pè ní sílíkà, tí ó tún wà nínú yanrìn. Bí eérú náà bá kúnná dáadáa, tí ó sì bá ẹfun jíjó àti omi pàdé, yóò di ohun tí ó ń lẹ̀ mọ́ra, tí ó sì ń gan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi sìmẹ́ńtì. Eérú ìyàngbò ìrẹsì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá jó o dáadáa, sílíkà lè tó ìdá 85 sí 90 nínú 100 eérú náà. Eérú èèpo ẹ̀gẹ́ náà ní sílíkà, bí ó tilẹ̀ kéré sí ti ìrẹsì. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì ìlú Èkó gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Wọ́n fi hàn pé bí a ti jó èèpo náà ṣe pàtàkì, nítorí eérú tí iná rẹ̀ kò gbóná tó kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Èèpo ẹyin ní tirẹ̀ kò ní sílíkà púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ẹfun ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Bí a bá jó o nínú iná tí ó gbóná gan-an, yóò di ẹfun jíjó. Nítorí náà, ohun tí eérú ìrẹsì tàbí ti ẹ̀gẹ́ kò ní, èèpo ẹyin lè bá a wá a. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dà bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì tí ó ń wẹ ara wọn.

Èèpo ẹkùrọ́ kò tilẹ̀ nílò kí á jó o. Òun lè rọ́pò díẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń pò mọ́ ọ̀dà. Ní ọdún 2006, olùwádìí kan tí ó ń jẹ́ Ndoke, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Mínà, kọ nípa èyí. Ohun tí ó dábàá ni pé kí á fi rọ́pò ìdá 10 nínú 100 òkúta wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà. Ní ti ọ̀nà abúlé tí ọkọ̀ kò pọ̀, ó ní a tilẹ̀ lè fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Èmi ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì, nítorí pé ọ̀nà abúlé gan-an ni a kò rí owó ṣe.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni òróró tí a ti fi dín nǹkan títí tí ó fi dúdú. Ọ̀dà tí ó ti pẹ́ lójú títì máa ń gan nítorí oòrùn àti afẹ́fẹ́, kì í lè tẹ̀ mọ́, ó kàn ń fọ́ ni. Bí a bá tún ọ̀dà bẹ́ẹ̀ yọ́, ìwọ̀nba òróró àlòkù lè mú kí ó rọ̀ padà kí ó sì ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni o. Bí òróró bá pọ̀ jù, títì yóò rọ̀ ju bí ó ti yẹ, ipa táyà yóò sì máa rì sínú rẹ̀.

Àtakò tí ó yẹ kí á dá lóhùn

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni a ti ń wò ó. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àpilẹ̀kọ yìí tán kí ó lọ máa da èèpo iṣu sínú kòtò iwájú ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí ó ń jẹrà kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ títì ní tútù. Gbogbo ẹni tí ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà mọ̀ pé wọ́n kọ́kọ́ ń họ ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, nítorí ewé àti gbòǹgbò tí ó wà nínú rẹ̀ yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì rì. Bí a kò bá jó èèpo di eérú, tàbí kí ó jẹ́ ohun líle bí èèpo ẹkùrọ́, ìpalára ni yóò ṣe. Jíjó náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Iná ìta gbangba tí ó ń rú èéfín sójú ọmọdé kò lè bímọ ire. Ààrò tí a mọ dáadáa, tí iná rẹ̀ gbóná, tí èéfín rẹ̀ sì níwọ̀n, ni ó tọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iye. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́ 100 kílò, èèpo tí ó ń jáde lè tó nǹkan bíi 10 sí 20 kílò. Ó pọ̀ létí. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú èèpo tútù, bí a bá sì ti sá a, tí a jó o, ìwọ̀nba eérú ni yóò kù nílẹ̀. Ìyàngbò ìrẹsì yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí bí a bá jó 100 kílò rẹ̀, eérú tí yóò kù lè tó nǹkan bíi 20 kílò. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe nǹkan wọ̀nyí ní àfikún. Ẹni tí ó bá sọ pé a ó fi eérú èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ṣe ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ìlọrin ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan wo ohun tí ó ní ni ó dára. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ẹkùrọ́, kí wọ́n wo èèpo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, kí wọ́n wo ìyàngbò. Ibi tí ilé oúnjẹ àti búrẹ́dì pọ̀ sí, kí wọ́n wo èèpo ẹyin.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí a pè ní pàǹtí lè jẹ́ oúnjẹ ẹlòmíràn. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó sì ti fi hàn pé a lè sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ gidi fún adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn mìíràn. Èrò mi ni pé kí ẹnu ṣíwájú ọ̀nà. Èyí tí ẹran lè jẹ, kí ẹran jẹ ẹ́. Èyí tí ilẹ̀ oko nílò gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀, kí á fún ilẹ̀ oko. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, tí kò sí ohun mìíràn tí ó ń dúró dè é ju ààtàn lọ, òun ni kí á gbé lọ sójú ọ̀nà. Ìyàngbò ìrẹsì, èèpo ẹyin àti òróró àlòkù ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn nínú irú èyí. Ti òróró àlòkù tilẹ̀ tún ní àǹfààní mìíràn, nítorí ó sàn kí ó wà lójú títì ju kí wọ́n tún fi dín àkàrà tí ọmọ wa yóò jẹ.

Ẹ̀kẹrin ni pé ohun tí ó ń ba ọ̀nà wa jẹ́ kì í ṣe àìsí eérú. Gọ́tà tí a kò là, ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ wúwo ju agbára títì lọ, àti owó iṣẹ́ tí kò dé ibi iṣẹ́ wà lára ohun tí ó ń pa á. Òótọ́ ni èyí, n kò sì lè jiyàn rẹ̀. Bí a bá po eérú tí ó dára jù láyé mọ́ ilẹ̀ tí omi kò rí ibi gbà kọjá, asán ni. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí á ká ọwọ́ gbera. Nínú nǹkan bíi 195,000 kìlómítà ọ̀nà tí a máa ń sọ pé ó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 60,000 ni wọ́n ní ó ní ọ̀dà. Ìyókù jẹ́ ilẹ̀ lásán, tí ó di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iléèwé ń fi ẹsẹ̀ rìn, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gun ọ̀kadà gbà lọ sí ibi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, òun náà ni wọ́n ń gbé aboyún gbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ohunkóhun tí ó bá lè dín owó tí a ó fi mú irú ilẹ̀ yẹn le kù tọ́ sí àyẹ̀wò.

Kí ni ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá?

Mo ti dé orí ìbéèrè tí mo ṣèlérí láti dáhùn. Iṣẹ́ ìwádìí lórí eérú èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ẹkùrọ́ àti èèpo ẹyin pọ̀ ní àwọn yunifásítì wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ nìkan ń kà ni ó sì wà. Obìnrin tí ó ni èèpo ẹ̀gẹ́ kò gbọ́ ọ rí. Awakọ̀ katapílà kò gbọ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ lè má gbọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tí ó ní ìmọ̀ kò ní èèpo, ẹni tí ó ní èèpo kò ní ìmọ̀, kò sì sí ẹni tí ó dúró sáàárín wọn. Àárín yẹn ni ipò tiwa.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mo ń sọ. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìmọ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún odindi ọdún mẹ́fà. Ètò náà fi hàn pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láìwó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà onímọ̀ bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá kí olùkọ́ lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ọ̀rọ̀ fún mọ́fíìmù àti fónrán ìhun, tí a kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún eérú tí ó ń mú ilẹ̀ le, iṣẹ́ ṣì kù. Èmi dábàá eérú amúlẹ̀le. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí kò dára ni kí á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ní ìlú Madurai ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́místírì kan wà tí ó ń jẹ́ Rajagopalan Vasudevan. Ọ̀rá àti ike ni tirẹ̀ dá lé lórí, kì í ṣe pàǹtí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mo ń wá. Ó wá ọ̀nà tí a fi lè po ike àlòkù mọ́ òkúta àti ọ̀dà títì. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀nà ní ọdún 2002. Ní ọdún 2015, ìjọba Íńdíà pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ń ṣe títì máa lo ike àlòkù. Ní ọdún 2018, wọ́n fún olùkọ́ náà ní oyè ìdálọ́lá Padma Shri. Bákan náà ni ní orílẹ̀-èdè Netherlands, níbi tí wọ́n ti ń lo lígíní, èyí tí ó ń mú igi àti koríko le, láti rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀dà. Ní ọdún 2017, wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nínú ọgbà Yunifásítì Wageningen. Nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe ibi ìdánwò. Wọn kò dúró de ọ̀nà márosẹ̀.

Àbá

Nítorí náà, àbá mẹ́rin ni mo ní fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Kìn-ín-ní, kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya pàǹtí sọ́tọ̀ nínú ọgbà tirẹ̀. Kí ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní agbọ̀n fún èèpo ẹyin, garawa fún òróró àlòkù, àti àyè fún èèpo tí ẹran yóò jẹ. Ẹni tí kò lè ya pàǹtí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi bá ará ọjà sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ mú ibì kan nínú ọgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ipa ẹsẹ̀ tí ó gùn ní ogún ẹsẹ̀ bàtà péré. Kí wọ́n fi ilẹ̀ pupa lásán ṣe ìdajì, kí wọ́n fi ilẹ̀ tí a po eérú àti ẹfun jíjó mọ́ ṣe ìdajì yòókù. Kí wọ́n pe ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ sí i, kí wọ́n jẹ́ kí òjò méjì rọ̀ lé e, kí wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Bí ó bá kùnà, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkùnà tí a kọ sílẹ̀ sàn ju àròsọ lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Kí ó lọ bá àwọn tí ó ń ṣe gàrí, àwọn tí ó ń fọ́ ẹkùrọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ó ń ṣe ọṣẹ, kí ó gba orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi eérú àti èèpo sílẹ̀ kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Ìwádìí èdè gidi ni èyí, ó sì yàtọ̀ sí kí á máa da oríkì kan náà kọ lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde lè fi èèpo ẹyin kan àti ẹ̀kúnwọ́ eérú kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kò sí ohun tí Elédùmarè dá tí kò ní ìwúlò, bí a bá mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ìkádìí

Mi ò sọ pé eérú ni yóò tún Nàìjíríà ṣe. Ohun tí mo sọ ni pé a ní ohun kan tí a ń sọ nù, a ní ọ̀nà tí ó bàjẹ́, a sì ní àwọn onímọ̀ tí ó ti fi hàn pé ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ kò ní ọ̀dà, wọn kò ní katapílà, síbẹ̀ ìkòkò fífọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ìlú wọn. Àwa tí a ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a ní ìwé, tí a sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ nínú gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀, kò yẹ kí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko jẹ́ ohun tí a ó fi lé ọmọ wa lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí onísáyẹ́ǹsì mú eérú wá, kí onímọ̀ ẹ̀rọ mú òṣùwọ̀n wá, kí àwa sì mú ọ̀rọ̀ wá.